Ayùn, Pákó àti Àwòrán Ẹranko

Iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní Tánkè kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ìdárayá ni: kí ènìyàn ya ìjàpá tàbí erin sí ara pákó pẹlẹbẹ, kí ó fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ gé e jáde, kí ó sì fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn òbí mìíràn a máa gba ayùn lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ní ojú ọ̀nà Yunifásítì ni a ń gbé, ìwé ni kí ó lọ kà. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ mọ̀ pé ọmọ tí ó bá lè wọn ẹsẹ̀ erin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ti ń ṣe ìṣirò.

Ayùn náà rí bí ọrun, irin wẹ́wẹ́ ni a sì fà le sí ẹnu rẹ̀. Èyí tí ń lo iná mọ̀nàmọ́ná wà, ṣùgbọ́n èyí tí a ń fi ọwọ́ fà kì í dúró de iná. Ìtàn sọ pé òkúta tí Òjó Iṣẹ̀kúṣẹ̀ fi ń lọ irin ni ó fún Ìlọrin ní orúkọ. Síbẹ̀ irin ayùn yìí, ọmọ Ìlọrin pàápàá kò lè lọ ọ́. Bí ó bá kú, a ó pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Ìjàpá ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gé, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹtu di ọjọ́ mìíràn: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá bá iṣan igi lọ, kíá ni yóò ṣẹ́. Bí ihò bá wà nínú àwòrán, òun ni a ń gé ṣáájú. A ó fi ìlu lu pákó, a ó tú irin ayùn ní orí kan, a ó kì í bọ ihò náà, a ó sì tún fà á le. Arère rọ̀ fún ọmọdé. Ìrókò le, eruku rẹ̀ a sì máa yún ara, a máa dí ni léèémí. Nítorí náà ẹ di imú. Ewé ìpín tó fún dídán.

Ní Òsì, nínú Kwara wa níhìn-ín, ni Aréògún, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà, gbé. Ó kú ní 1954. Bándélé ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti bójú tó ilé iṣẹ́ ọnà tí a dá sílẹ̀ ní 1947. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń tẹ̀lé: ọnà lílé, tí igi ń di ìrísí, àlétúnlé, tí ẹ̀yà ara ń yà sọ́tọ̀, dídán, lẹ́yìn náà fínfín. Ojú àti irun ni ó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa a máa fẹ́ fín ojú erin kí wọ́n tó gé erin náà jáde!

Àwọn bàbá kan kò fẹ́ àwòrán ohun ẹlẹ́mìí nínú ilé. A kò bá wọn jiyàn. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gé ewé àti ìtàkùn. Ohun tí a kọ̀ ni kí a máa pe eré ọwọ́ ọmọ ní òrìṣà. Mùsùlùmí ni Làmídì títí ó fi kú ní 2009, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá wa gba àjákù pákó lọ́wọ́ àwọn káfíńtà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, irin ayùn yìí kò wúwo nínú àpótí. Méjìlá-méjìlá ni wọ́n ń dì í tà.