Ta Ni Ó Ni Àṣà? Ọ̀rọ̀ Lórí Oyè Hosi Láàárín Àwọn Valoyi



Àwọn Tsonga, tí wọ́n wà ní gúúsù Mòsáńbíìkì àti ní àríwá ìlà-oòrùn Gúúsù Áfíríkà, máa ń pa á lówe pé ipò ọba kì í sọdá odò. Hosi ni wọ́n ń pe ọba wọn. Ohun tí òwe náà ń sọ ni pé àárín àwọn ènìyàn Hosi ni àṣẹ rẹ̀ mọ. Bí ó bá sọdá sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, àlejò ni. Òwe yìí ni n ó gbé ọ̀rọ̀ mi lé lónìí. Bí àṣẹ ọba kò bá lè sọdá odò, àṣà tí ó gbé ọba ka orí oyè ńkọ́? Ta ni ó ni ín? Ṣé ìwé ni, ṣé ilé-ẹjọ́ ni, àbí àwọn tí wọ́n ń fi í ṣe ìgbé ayé wọn?

Hosi kì í dá ìlú ṣe. Àwọn tindhuna, ìyẹn àwọn olórí àdúgbò, ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Nínú àpéjọ tí à ń pè ní huvo ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ilé ọba ni í sọ ẹni tí oyè kàn, ìdílé baba ni oyè náà sì máa ń gbà tẹ́lẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Henri-Alexandre Junod, míṣọ́nnárì ará Switzerland, kọ púpọ̀ nípa ìgbé ayé wọn sínú ìwé ńlá tí ó jáde ní 1912 àti 1913. Iṣẹ́ takuntakun ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ sílẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní 1895, àwọn Pọtogí ti mú Nghunghunyani, ọba Gaza, ẹni tí ọ̀pọ̀ Tsonga wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Transvaal, òfin ọdún 1927 sọ Gómìnà Àgbà di olórí gbogbo ọba adúláwọ̀: ó lè fi wọ́n jẹ, ó sì lè rọ̀ wọ́n lóyè. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà dá Gazankulu sílẹ̀ fún àwọn Tsonga. Ó gba ìjọba abẹ́lé ní 1973, ó sì kógbá sílé ní 1994. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tọ́ka sí àṣà àtijọ́ gbọ́dọ̀ rántí pé ìjọba ti tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Àwọn Valoyi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìran Tsonga tí ó wà nítòsí Tzaneen, ní ìpínlẹ̀ Limpopo. Ní 1968, Hosi Fofoza Nwamitwa wàjà láìní ọmọkùnrin. Phylia Shilubana ni àkọ́bí rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé obìnrin ni, wọn kò kà á kún. Richard, arákùnrin Fofoza, ni ó jọba. Bẹ́ẹ̀ ni ọba obìnrin kò ṣàjèjì ní agbègbè náà: láàárín àwọn Lobedu, aládùúgbò wọn, obìnrin mẹ́fà ni ó jẹ oyè Modjadji láti nǹkan bí ọdún 1800 títí di 2005.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, nígbà tí òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti fọwọ́ sí ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin, ilé ọba Valoyi péjọ, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí oyè padà sọ́dọ̀ Shilubana. Òun kò fẹ́ kí a tìtorí òun lé Richard kúrò. Ó ní kí ó máa jọba lọ ná. Ní 1997, Richard sọ níwájú adájọ́ àti àwọn ẹlẹ́rìí pé Shilubana ni àrólé. Ìgbìmọ̀ ìlú náà fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ní 1999, Richard kọ̀wé láti yẹ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ó wàjà ní 2001, ọmọ rẹ̀ Sidwell ní òun ni oyè tọ́ sí.

Kí a má ṣe fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ Sidwell. Ohun tí ó ń sọ ni pé Hosi ni í bí Hosi. Pé ilé ọba lè tọ́ka sí ẹni tí oyè kàn, ṣùgbọ́n wọn kò lè fúnra wọn dá àrólé sílẹ̀. Bí obìnrin bá sì jẹ, ọmọ ta ni yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀? Ilé-ẹjọ́ gíga ní Pretoria dá Sidwell láre. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Bloemfontein náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ tí ó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀, ní Johannesburg, yí ìdájọ́ náà padà. Gbogbo àwọn adájọ́ náà fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n ní ó yẹ kí a wo ìṣe àtẹ̀yìnwá, kí a sì ro ti ìfọkànbalẹ̀ tí òfin tí kò yẹ̀ ń fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n òfin ìpìlẹ̀ fún àwọn ìlú ní ẹ̀tọ́ láti tún àṣà wọn ṣe. Ní ti ẹni tí yóò jẹ lẹ́yìn Shilubana, wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn Valoyi.

Lójú tèmi, kì í ṣe Johannesburg ni ó fi Shilubana joyè. Ilé ọba àti ìgbìmọ̀ ti ṣe ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kàn kọ̀ láti gba àṣà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ni ín ni. Ẹjọ́ tí ó ti sọdá odò, wọ́n dá a padà sí ilé. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Síbẹ̀, ẹ̀rù kan ń bà mí. Bí ìpàdé bá lè yí àṣà padà, àwọn alágbára lè pe ìpàdé tiwọn ní kọ̀rọ̀. Ohun tí ó fi ìpinnu àwọn Valoyi lọ́kàn mi balẹ̀ ni pé gbangba ni wọ́n ti ṣe é: ilé ọba sọ ọ́, ìgbìmọ̀ gbà á, àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú sì tún bá wọn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2001.

Ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ àwa tí à ń kọ àṣà sílẹ̀. Ìwé wa lè di ẹ̀rí nílé-ẹjọ́, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ọmọbìnrin kan tí a kò tíì bí. Nítorí náà, kí a yé kọ ọ́ pé, ‘Bí àṣà wọn ṣe rí nìyí.’ Kí a kọ ọ́ pé, ‘Báyìí ni àwọn kan wí fún wa ní ọdún báyìí, àwọn mìíràn kò sì gbà bẹ́ẹ̀.’ Kí a jẹ́ kí ẹni tí ó ni àṣà rí àyè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa.