Abẹ́rẹ́ Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án: Owó Ta Ni?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́. Kòkòrò HPV, tí a máa ń kó nípa ìbálòpọ̀, ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, tí ìṣirò ní ó pa nǹkan bí 8,000 obìnrin ní Nàìjíríà lọ́dún 2020. Ẹnìkan á ní, ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti mọ ọkùnrin ni? Kò mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn gan-an: abẹ́rẹ́ náà kì í lé kòkòrò tó ti wọlé jáde, ìlẹ̀kùn ló ń tì dè é. Ní England, jẹjẹrẹ náà fi ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tí wọ́n fún láǹfààní abẹ́rẹ́ náà ní ọmọ ọdún 12 sí 13. Ní ti àwọn tó ní ó ń sọni di àgàn, ayé ti ń lò ó láti 2006, ẹ̀rí kò yọjú.

Owó ló kù. Gavi, àjọ àgbáyé tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti ra àjẹsára, ló náwó sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àdéhùn ọdún 2018 sì ni pé ìrànwọ́ rẹ̀ fún Nàìjíríà yóò máa tán lọ títí di 2028. Gbígbé abẹ́rẹ́ náà kiri pàápàá ń náni lówó. Ẹ wo nọ́ọ̀sì tó gbé kúlà kọ́ èjìká lórí ọ̀kadà: abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná, kò sì gbọdọ̀ dì. Yìnyín lówó, epo lówó. Àwọn kan á ní ibà ló yẹ ká náwó lé. Òótọ́ ni pé ibà ń pani, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré là ń gba abẹ́rẹ́ yìí, nígbà tí aláìsàn jẹjẹrẹ yóò máa wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn láti gba ìtọ́jú. Ọdọọdún sì ni àwọn ọmọ mìíràn ń pé mẹ́sàn-án.