Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àti Àwa Ọlọ́jà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa n'Íkìrun)

 

Wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ nípa ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn kan á ní kí ló kan ọlọ́jà níbẹ̀? Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí owó Údójì. Lọ́dún 1974, ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji ní kí ìjọba fi kún owó oṣù, kí wọ́n sì tún ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ń gbà ṣiṣẹ́ ṣe. Wọ́n san owó náà lọ́dún 1975, tòun ti àjẹsílẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ́n gógó, wọ́n ní àwa obìnrin ọjà la fà á. Apá tó kan iṣẹ́ ńkọ́? Ta ló tún gbúròó ìyẹn?

Ẹ wá wo Ọ̀ṣun wa. Lọ́dún 2015, ọ̀pọ̀ oṣù làwọn òṣìṣẹ́ fi wà láìgbowó. Lẹ́yìn náà, ààbọ̀ owó oṣù làwọn ọ̀gá inú wọn ń gbà, títí wọ ọdún 2018. Orí igbá wa ló já lé. Tíṣà tó ń ra kóńgò ìrẹsì méjì wá ń ra ààbọ̀ kóńgò, àwìn sì ni. Àwọn kan nínú wa ò tíì rí gbèsè yẹn gbà dòní.

Nítorí náà, kí ìjọba sanwó wọn lásìkò, kí àwọn náà já tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo owó ọjà tí wọ́n bá gbà. A ò ní fi ọ̀kan ṣe pààrọ̀ èkejì.

Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa o. Wọ́n ní ká san igba náírà, àwa la máa ń sọ pé, "Ẹ gba ọgọ́rùn-ún, ẹ má já tíkẹ́ẹ̀tì." Ọgọ́rùn-ún yẹn ò dé káńsù láéláé, a sì ń pariwo pé ọjà ò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀!

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọjà àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: Ìfẹ́lódùn fún Ìkìrun, Odò-Ọ̀tìn fún Ìníṣà àti Òkukù. Òfin ọdún 2011 sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí wọ́n fèsì láàárín ọjọ́ méje, láìbi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Lọ́dún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní òfin náà ò yọ ìpínlẹ̀ kankan sílẹ̀.

A máa kọ̀wé: èló ni wọ́n pa lọ́jà, kí ni wọ́n fi ṣe? Kí kálukú tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú ọ̀rá, kó mú un fún olórí ìsọ̀ rẹ̀ níparí oṣù. A ó kà wọ́n pọ̀ ká tó kọ ìwé náà.