Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Ti Lè Yí Padà: Bí A Ṣe Ń Pín Kóòdù sí Module



Ìbéèrè kan ni mo gbé wá: bí kóòdù bá di rẹpẹtẹ, ibo ló yẹ kí a ti pín in? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ní ibi tó bá ti gùn jù. Èmi ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè yí padà lọ́la.

Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ètò ìṣirò owó ọjà fún oníṣòwò. Ìdá 5 nínú 100 ni VAT, owó orí tí a ń san lórí ọjà, ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀; láti ọjọ́ kìíní oṣù Èrèlé ọdún 2020, ó di 7.5. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ti kọ 0.05 síbi tó ń tẹ rìsíìtì, tó tún kọ ọ́ síbi ìṣirò oṣù, tó tún kọ ọ́ síbi tí a ti ń dá owó padà fún oníbàárà, yóò máa wá a kiri lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Bó bá gbójú fo ẹyọ kan, rìsíìtì á máa sọ tirẹ̀, ìwé oṣù á máa sọ òmíràn. Kọ̀ǹpútà kò sì ní kìlọ̀ fún un, nítorí 0.05 kì í ṣe àṣìṣe lójú ẹ̀rọ.

Module, ìyẹn abala kóòdù tó dá dúró, ló lè gbà á lọ́wọ́ wàhálà yìí. Nínú Python, èdè ìkọ ètò tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, fáìlì lásán ti tó láti jẹ́ module. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣí fáìlì kan, owo_ori.py. Kó kọ iye VAT síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì kọ function kan, fi_kun, tó ń gba iye ọjà, tó ń dá iye tí oníbàárà yóò san padà. Nínú àwọn fáìlì yòókù, kó kọ import owo_ori sókè, kó wá pe owo_ori.fi_kun(2000). Lábẹ́ òfin àtijọ́, 2100 ni yóò dáhùn. Lábẹ́ tuntun, 2150. Ìlà kan péré la yí padà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní Cambridge, níbi tí kọ̀ǹpútà EDSAC ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1949, Maurice Wilkes, David Wheeler àti Stanley Gill ń tọ́jú àwọn abala ètò tí wọ́n ti kọ sórí téèpù bébà oníhò, kí ẹlòmíràn lè rí wọn lò. Ní 1951, wọ́n tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n David Parnas, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló là wá lójú ní 1972 lórí ibi tó yẹ kí a ti pín kóòdù. Ó pín ètò kan náà lọ́nà méjì: èkíní tẹ̀lé ìgbésẹ̀ iṣẹ́, èkejì fi ìpinnu kọ̀ọ̀kan tó lè yí padà pamọ́ sínú module tirẹ̀. Èkejì ló rọrùn láti tún ṣe.

Síbẹ̀, àtúnlò ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Òkúdù ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra ní ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Kourou. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi fọ́ yángá lójú ọ̀run. Kóòdù tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa nínú Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Ariane 5 ń yára jù ú lọ, iye kan wá tóbi ju ààyè bit 16 tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kóòdù kò mọ ìyẹn. Bí a ti rán an ló ń jẹ́ ẹ.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ọ́ sórí owo_ori pé náírà ló ń gbà, kì í ṣe kọ́bọ̀, àti pé kò mọ àwọn ọjà tí kò sí VAT lórí wọn, bí oògùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣí ètò tí ẹ kọ kẹ́yìn lálẹ́ òní. Ẹ wá òfin tàbí iye kan tí ẹ kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ kó o sínú fáìlì tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí kò lè ṣe sókè rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fún ètò ní máàkì nítorí pé ó ṣiṣẹ́ nìkan. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, bí òfin bá yí padà lọ́la, ibi mélòó ni yóò tún kọ?