Columbia: Ọkọ̀ Tó Ń Lọ, Tó Ń Bọ̀

Ọdún 1981 ni ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Columbia ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé èèyàn yípo ayé, ó sì tún padà lọ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan náà. Ọkọ̀ kankan kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Ara rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Táílì tó lé ní 24,000 ni wọ́n fi ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ọn, kí iná má baà jó o nígbà tó bá ń bọ̀. Bí táílì ọ̀hún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, tí inú rẹ̀ ṣì ń pọ́n, èèyàn lè fi ọwọ́ lásán di etí rẹ̀ mú.

Nígbà tí Columbia ṣì ń fò, ẹ̀rọ tó ń gbé e lọ síbi ìgbéra kì í rìn ju máìlì kan lọ ní wákàtí kan. Arúgbó tó ń tẹ̀pá á yà á sílẹ̀! Lókè ńkọ́? Kìlómítà 28,000 ni Columbia ń sá ní wákàtí kan. Bó bá ń balẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni awakọ̀ láǹfààní láti gbé e balẹ̀.