Kí A Tó Tẹ́ Pafé, Ibo Ni Àgbàrá Máa Gbà?

  

Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí omi òjò lójú ilẹ̀ tí a tẹ́ ní pafé. A ti rí àwọn kan tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ọ̀rọ̀ gọ́tà náà ni wọ́n tún ń pe àpéjọ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, a ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Láti 2018 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú ọ̀nà ìlú tí wọ́n ń pè ní Asphaltage, tí Àjàṣẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀, kò sí àdúgbò tí kò fẹ́ pafé mọ́. Àgbàlá ààfin, ojú ọjà, iwájú mọ́ṣáláṣí, ọgbà ilé ìwé, gbogbo wọn ni ìwé ẹ̀bẹ̀ ń lọ sí ilé mérì fún. Ó dára. Àwa kò bá pafé jà. Títẹ́ ojú ilẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí wa pàápàá: ní Ilé-Ifẹ̀ tí Kétu àti Ṣábẹ ń tọpa orírun wọn dé, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ojú ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ pẹ́kípẹ́kí, ìtàn sì ní Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa kan ẹsẹ̀ òun. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé nínú àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tó kọjá lójú wa, iye òkúta wà níbẹ̀, àwọ̀ òkúta wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí omi máa gbà jáde kò sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Òjò mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 1 ní gígùn àti mítà 1 ní fífẹ̀, lítà omi 1 ni. Ẹ mú àgbàlá kan tó gùn ní mítà 30, tó fẹ̀ ní mítà 20. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, lítà 30,000 ló bọ́ sílẹ̀ yẹn. Àgbá onílítà 200, 150 rẹ̀! Bí ó bá rọ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ fojú inú wo ẹni tó ń da garawa onílítà 16 sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, tí kò sinmi títí wákàtí náà fi pé. Òjò bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì ní etí ọ̀sà lọ́dọ̀ wa.

Nígbà tí àgbàlá yẹn ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, tí igi odán wà láàárín rẹ̀, ilẹ̀ ń mu nínú omi náà, igi ń mu, ìyókù ń dúró díẹ̀díẹ̀ nínú kòtò kéékèèké. Pafé kò mu tó bẹ́ẹ̀. Iyanrìn tó wà láàárín òkúta lè mu díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti rí epo mọ́tò àti eruku ọyẹ́, ó dí. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àgbá 150 yẹn ló máa wá ọ̀nà jáde, kíákíá sì ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ pafé kó tó jẹ́ iṣẹ́ òkúta. Ojú pafé gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ojú kanifó. Sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan dára. Ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n, omi á mọ̀ ọ́n. Wàyí o, bí ẹ bá fi kanifó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú àgbàlá tó fẹ̀ ní mítà 20, ẹ̀gbẹ́ kejì gbọ́dọ̀ ga jù ú lọ ní sẹ̀ǹtímítà 40. Pafé á ga ju ìloro ilé tó wà níbẹ̀ lọ, bàbá onílé á máa sọ̀ kalẹ̀ wọ yàrá ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi sàn kí kanifó wà ní àárín, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa dà sí i, kí ìyàtọ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ìsàlẹ̀ kanifó fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ojú ìjáde, ó kéré tán ìdajì sẹ̀ǹtímítà nínú mítà kan. Lórí mítà 30, sẹ̀ǹtímítà 15 nìyẹn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, omi á máa rìn jẹ́jẹ́, iyanrìn á jókòó sínú rẹ̀, ẹ̀fọn á fi ṣe ilé.

Kanifó sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju òkúta lọ. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ẹ̀fẹ̀, àbí? Ní ọjà kan tí a kò ní dárúkọ, a rí irin kanifó tó yọ orí ju pafé lọ ní ìka méjì. Omi dé ibẹ̀, kò rí ibi wọ̀, ó yà bàrá sí abẹ́ ìsọ̀ àwọn eléèlùbọ́. Ohun tó fà á kò ju pé àwọn tó ṣe kanifó kọ́kọ́ wá, àwọn tó tẹ́ pafé tẹ̀ lé wọn, kò sì sí ẹni tó fi okùn kan ṣoṣo wọn iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Irin ojú kanifó yẹ kó rẹlẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 3 sí 5 sí ojú òkúta, nítorí òkúta á tún rì díẹ̀ bí mọ́tò bá ti ń gba orí rẹ̀. Konkéré ni kó di kanifó náà mú nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn lásán, àgbàrá á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé, òkúta tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín àgbàlagbà.

Irú kanifó pọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kí a tẹ́ òkúta pafé fúnra rẹ̀ kó rì ní àárín bí àwo tó fẹ̀. Kò ní ìdérí, ọmọdé kò lè já sí i, ìgbálẹ̀ la fi ń tọ́jú rẹ̀. Fún àgbàlá ààfin àti iwájú mọ́ṣáláṣí, àwa fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe kì í fẹ́ràn rẹ̀, torí owó kò pọ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn ni gọ́tà jíjìn tí a fi pẹpẹ konkéré bò. Ó dára lẹ́bàá títì, ṣùgbọ́n nínú ọjà ó tètè di ibi ìdàdọ̀tísí. Òmíràn ni ojú ihò tóóró tí a fi irin tó rí bí asẹ́ dé. Lára irin yìí, wọ́n máa ń kọ A 15, B 125, C 250 tàbí D 400. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Ẹrù tó lè gbà ni wọ́n ń sọ: A 15 wà fún ẹsẹ̀ èèyàn àti kẹ̀kẹ́, nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀; B 125 fún mọ́tò kékeré; D 400 fún ọkọ̀ akẹ́rù, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 40. Ọjà tí ọkọ̀ àgbàdo ń wọ̀ lóru, tí wọ́n fi B 125 sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kan la ó kàn gbọ́ pé irin ti ká. Kí wọ́n sì fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀, torí àwọn tó ń ra irin àlòkù kì í sùn.

Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ mọlémọlé ni. Èyí tó kan ẹ̀yin ìjòyè gan-an ni pé níbo ni omi náà ń lọ? Ní Àjàṣẹ́, ìlú dúró lórí ilẹ̀ gíga, ó ń sọ̀ lọ sí ọ̀sà ní gúúsù, àfonífojì bíi Zounvi sì wọ inú ìlú. Ohun tí ará òkè bá dà nù, ará ìsàlẹ̀ ló ń gbà á. Ní Ṣábẹ, àpáta ló pọ̀. Omi kò rí ilẹ̀ wọ̀, ṣe ló ń sáré, kanifó ibẹ̀ sì nílò ìgbésẹ̀ bíi ti àtẹ̀gùn tó máa dín eré rẹ̀ kù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gbẹ́ kòtò ńlá sí ẹnu ìjáde. Kétu ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ tí omi ti ṣọ̀wọ́n láti ayébáyé, tí kànga jìn. Ó ń dùn wá láti rí i kí a máa da omi òjò nù ní Kétu. Ẹ gba omi orí òrùlé sínú táńkì kó tó kan ilẹ̀. Ti ojú pafé, tó ti gba orí epo àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ kọjá, kò ṣeé mu, ṣùgbọ́n ẹ lè darí rẹ̀ sí ìdí igi, kó wọ ilẹ̀ lọ. Àwọn àgbà tó kọ́ agbo-ilé yípo àgbàlá, tí òrùlé ń da omi sínú ìkòkò láàárín rẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé onílé kan ṣoṣo ló wà. Onílé méjì ló wà, ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀. Kódù sífílì tí Faransé fi lélẹ̀ sọ ọ́ ní àpilẹ̀kọ 640: ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba omi tó ń sọ̀ wá fúnra rẹ̀ láìsí ọwọ́ èèyàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè kò gbọdọ̀ ṣe ohun tó máa mú un le sí i. Bí a bá tẹ́ pafé sí àgbàlá tiwa, tí a kó àgbá 150 jọ sí ojú kan, tí a wá tú u sí ẹnu ọ̀nà opó kan nísàlẹ̀, ṣé ọwọ́ èèyàn kò sí nínú ìyẹn? Kó tó di ti ilé ẹjọ́, ọ̀dọ̀ baálẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e wá. Baálẹ̀ tó sì ti fi ọwọ́ sí ìwé pafé náà, ojú wo ni yóò fi dá ẹjọ́ rẹ̀?

Ní ti ìjọba, òfin fi ọ̀nà omi òjò sí ọwọ́ komínì, láti 2003 sì ni àwọn ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ti wà ní komínì 77 tí Bẹ̀nẹ̀ ní. Nítorí náà, ilé mérì ni ẹ ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí agbára wa wà gan-an, torí àwa tí a ti jókòó pẹ́ nídìí ìwé ìjọba mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń gba irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Èkíní ni wọ́n ń pè ní réception provisoire. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń gé rìbọ́nì, tí ìlù ń dún, tí a ń jẹ tí a ń mu. Èkejì ni réception définitive, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan lẹ́yìn èkíní, ẹnikẹ́ni kì í lu ìlù níbẹ̀. Láàárín méjèèjì, ohun tó bá bàjẹ́ nítorí iṣẹ́ tí kò dára, agbaṣẹ́ṣe ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe, ohun ìdúró kan sì wà lọ́wọ́ ìjọba lórí rẹ̀, bóyá apá kan owó rẹ̀ tàbí ìwé báǹkì. Lẹ́yìn èkejì, ó di tiwa tòun ti àbùkù rẹ̀.

Ọdún kan yẹn ni kí a lò. Òjò ńlá láti oṣù kẹrin sí oṣù keje wà nínú rẹ̀, òjò kékeré láti oṣù kẹsàn-án wà nínú rẹ̀. Kí ẹnì kan gbé agbòjò jáde nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Kó ya fọ́tò ibi tí omi dúró sí, ibi tó ti fo kanifó kọjá, ilé tó wọ̀. Kó kọ ọjọ́ àti aago. Kí séfù àdúgbò fi í sínú lẹ́tà sí mérì, kó sì gba décharge. Lẹ́tà tí kò ní décharge, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. A ti rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ tó sùn sínú dúrọ́ọ̀ títí tó fi gbàgbé ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun ṣe ẹlẹ́rìí sí gbígba iṣẹ́ tí òjò kò tíì dán wò.

Ìtọ́jú ni ìyókù. Kí wọ́n ṣe àpótí konkéré kan sí ìtòsí ẹnu ìjáde, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn ju ti kanifó lọ, kí iyanrìn máa jókòó síbẹ̀. Ọkùnrin kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì lè kó o láàárọ̀. Oṣù kẹta ni kí a ti gbá kanifó mọ́, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn tí wọ́n bá kó jáde, kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà, torí bí ẹ bá kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, òjò àkọ́kọ́ ló máa dá a padà sínú rẹ̀. Láti òpin 2017 ni òfin ti lé ọ̀rá tí kì í jẹrà kúrò nílùú. Ẹ lọ wo ojú kanifó ọjà kí ẹ rí i bóyá ó gbọ́. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ ọjà, ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ owó ṣọ́bìrì yìí sínú bọ́jẹ̀ẹ̀tì rẹ̀, ní ìlà tirẹ̀, kí ojú lè tó o.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ìwé pafé tí a kò fi ọfà ya ọ̀nà omi sí, láti òkúta àkọ́kọ́ dé ibi tó ti máa tú jáde, tòun ti orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ sí i. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti wà nílé yín, ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, a ó pe mọlémọlé kan tó lè kà á, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá fún gbogbo wa. Ó kàn yín báyìí, ẹ béèrè ìbéèrè.