Púlọ́ọ̀gì Tí Ó Yẹ Ọkọ̀ Àtijọ́



Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ẹni tí ó bá ṣì ní irú rẹ̀, ogún ni ó ní lọ́wọ́. Kí ó má fi púlọ́ọ̀gì bà á jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun mẹ́ta ni kí a wò. Èkíní ni gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀: èyí tí ó gùn jù lè kan písítìnì. Èkejì ni ooru rẹ̀: èyí tí ó gbóná jù lè dá ihò sí písítìnì, èyí tí ó tutù jù a máa dú fún èéfín. Nọ́ńbà ńlá lára NGK, títutù ni. Lára Bosch, gbígbóná ni. Ẹ̀kẹta ni àlàfo ẹnu rẹ̀: ti ìjàpá jẹ́ mìlímítà 0.6 sí 0.7.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé ọkọ̀ dání lọ sí ọjà. Kí Olúwa máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.